Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Ọ̀nà Jíjìn Láti Múra Sílẹ̀ fún Triathlon

Nínú triathlon, a ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, a ó gun kẹ̀kẹ́, a ó sì fi eré sísá kádìí rẹ̀. Ìdíje Ironman jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́ àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1.9, 90 àti 21.1. Orí kẹ̀kẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ìdíje ń lọ sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná okun tó yẹ kí wọ́n fi sáré. Ìrìn jíjìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ la fi ń kọ́ bí a ṣe ń jẹ, bí a ṣe ń mu, àti bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá fi ń dán agbára wò lásán ti pàdánù ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye wákàtí tí ẹ fẹ́ lò

Wákàtí ni kí ẹ fi díwọ̀n, kì í ṣe kìlómítà, torí afẹ́fẹ́ àti òkè lè sọ ìrìn kìlómítà kan náà di iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìdíje kìlómítà 90 nílò ìrìn tó tó wákàtí 3 sí 4. Ẹni tó ń lọ sí 180 nílò wákàtí 5 sí 6. Ibi tí ara yín dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sí 30 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 3. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín in kù sí bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí iṣan lè rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Ìrìn tó jìn jù lọ gbọ́dọ̀ ti parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú ìdíje kìlómítà 180, tàbí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ti 90. Ohun tí ẹ bá fi ipá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, àárẹ̀ nìkan ni yóò bá yín dé ibi ìdíje.

Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ nu ṣéènì, ẹ kán òróró sí i, kí ẹ sì nu èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ kúrò. Ẹ yí táyà méjèèjì wò bóyá ìgò fífọ́ tàbí ẹ̀gún há sí i. Fún ẹni tó wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 70, táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 25 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ psi 80 sí 90 (psi ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Ti mílímítà 28 ń fẹ́ 65 sí 75. Ẹ má ṣe fẹ́ ẹ ju iye tí wọ́n kọ sí ara táyà lọ. Táyà tó le jù máa ń gbo ara jìgìjìgì lórí ọ̀nà tí kò dán, tí yóò sì tán yín lókun. Èyí tó rọ̀ jù ni rímù, ìyẹn òrùka líle tí táyà jókòó lé, fi ń gé túúbù bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò: ihò kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ẹ ó rí.

Ìjókòó: ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, orúnkún yóò ká díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn yín, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ga jù. Mílímítà 3 sí 5 ni kí ẹ máa fi sún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún sún un.

Ohun tí ẹ ó gbé dání: túúbù 2, ọ̀pá oníke 2 tí a fi ń yọ táyà, pọ́ǹpù kékeré, irinṣẹ́ tí a ń ká pọ̀, fóònù, owó díẹ̀, àti ìwé tí orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹbí kan wà nínú rẹ̀. Àṣíborí kò ṣe é fi sílẹ̀. Iná ẹ̀yìn pẹ̀lú, kódà lọ́sàn-án.

Oúnjẹ àti omi

Ibí yìí ni ìrìn jíjìn ti sábà máa ń bàjẹ́. Agbára tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í tó wákàtí 5. Ní wákàtí 2 sí 3 kí ẹ tó jáde, ẹ jẹ oúnjẹ tó ní kábọ̀háídíréètì, ìyẹn èròjà ṣúgà àti sítáàṣì, gíráàmù 1.5 sí 2 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìlógíráàmù 70 yóò jẹ gíráàmù 105 sí 140. Ọ̀rá àti fáíbà, ìyẹn okun inú ewébẹ̀ àti èèpo ọkà, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, torí wọ́n ń pẹ́ nínú ikùn.

Lórí kẹ̀kẹ́, gíráàmù 60 sí 90 ní wákàtí kan ni à ń lépa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí jẹ kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, kí ẹ sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra. Ẹ má dúró de ebi. Ìgbà tí ebi bá dé, ẹ ti pẹ́. Oríṣi ṣúgà ni gúlúkóòsì àti fúrútóòsì. Ìfun kì í lè gba gúlúkóòsì nìkan ju nǹkan bí gíráàmù 60 lọ ní wákàtí kan. Ọ̀nà mìíràn ni fúrútóòsì ń gbà wọlé, nítorí náà ẹni tó fẹ́ dé 90 gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ṣúgà lásán ti ní méjèèjì ní ìdajì sí ìdajì. Ẹ lè po ohun mímu tó dára fúnra yín: omi lítà 1, ṣúgà gíráàmù 60, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ń fún yín ní nǹkan bí gíráàmù 25. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn lára, kó bẹ̀rẹ̀ láti 40, kó máa fi 10 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikùn náà ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí iṣan ṣe ń gbà á.

Bí ikùn bá wú tàbí tí èébì ń gbé yín, ó lè jẹ́ pé ohun mímu ti dùn jù, tàbí pé eré ti pọ̀ jù, tí ẹ̀jẹ̀ fi kúrò ní ikùn lọ bá ẹsẹ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ mu omi lásán díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó tún máa jẹun. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rọ lójijì, tí òógùn tútù bò yín, tí inú ń bí yín láìnídìí, ṣúgà ló tán. Ẹ jẹ gíráàmù 30 sí 40 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa yí pẹ́dà jẹ́jẹ́ títí ara yóò fi padà.

Omi: mílílítà 500 sí 750 ní wákàtí kan, kí ó lé sí i bí oòrùn bá mú. Ẹ wọn ara yín láìwọṣọ kí ẹ tó jáde àti nígbà tí ẹ bá dé. Kìlógíráàmù 1 tó dín dà bí omi lítà 1. Bí ó bá dín ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ fi kún omi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wúwo ju ti àárọ̀ lọ ti mu àmujù. Àmujù omi lásán ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di díẹ̀, ó sì lè pani: bí orí bá ń fọ́ èèyàn lẹ́yìn omi púpọ̀, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fún un lómi sí i.

Lórí ọ̀nà

Ẹ lo ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ lọ́nà tí yóò fi dà bí ẹni pé ẹ ń ṣọ̀lẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, eré tó yẹ ni èyí tí ẹ fi lè sọ gbólóhùn odindi láìmí hẹlẹ. Bí ẹ bá ní aago tó ń ka ìlù ọkàn, ìdá 65 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ga jù tí ọkàn yín lè lù ní ìṣẹ́jú kan ni. Yíyọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti fi mọ iye náà lè fi ohun tó ju ìlù 10 lọ tàsé, nítorí náà ẹ gbọ́ ti èémí yín ṣáájú. Lẹ́yìn wákàtí bíi 3, ọkàn lè máa lù kíákíá sí i bí eré kò tilẹ̀ yí padà. Ooru àti omi tó dín lára ló ń fà á.

Ẹ yí pẹ́dà ní ìgbà 80 sí 95 ní ìṣẹ́jú kan. Ní òkè, ẹ tètè bọ́ sí jíà tó fúyẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wúwo. Bí ẹlòmíràn bá kọjá yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Àwọn ìdíje jíjìn kì í sábà gbà kí a fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ máa nìkan dojú kọ afẹ́fẹ́ fún ìdajì ọ̀nà, ó kéré tán. Nígbà tí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta kún ìdajì ìkẹyìn ìrìn náà, ní eré tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ ìdíje.

Ẹ dìde kúrò lórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú 15 síra kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Bí ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri, ẹ ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá ni. Ẹ yí ibi tí ọwọ́ wà padà. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ onítìmùtìmù kò nílò pátá lábẹ́. Ẹ fi ìpara sí ibi tó ń ha ara, kí ẹ sì bọ́ ṣòkòtò náà gbàrà tí ẹ bá parí, torí inú ọ̀rinrin ni eéwo ìdí ti ń hù.

Bí táyà bá jò, ẹ yọ apá kan táyà, ẹ fa túúbù jáde, kí ẹ sì fi ìka wá ohun tó gún un nínú táyà, jẹ́jẹ́. Èyí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, tí túúbù tuntun fi ń jò kí wọ́n tó rin kìlómítà kan. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí túúbù tuntun, ẹ tò ó sínú, ẹ fi ọwọ́ ti táyà padà láti òdìkejì ẹnu túúbù, kí ẹ wò ó yíká pé kò há sí abẹ́ táyà, kí ẹ tó fẹ́ ẹ tán.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀

Kí ìṣẹ́jú 10 tó kọjá, ẹ pààrọ̀ bàtà kí ẹ sì sáré fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹsẹ̀ yóò wúwo. Ẹ máa gbé e kúkurú kúkurú. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ jẹ oúnjẹ tó ní kábọ̀háídíréètì bíi gíráàmù 1 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan àti pùròtéènì gíráàmù 20 sí 25. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ, iye omi tí ẹ mu, bí ara yín ṣe wúwo tó, àti wákàtí tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí le. Láti inú àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ ó ti yan oúnjẹ ọjọ́ ìdíje.