Alẹ́ mẹ́ta tí subtitle gbà lọ́wọ́ mi torí Macbeth

Wákàtí kan ni mo rò pé màá fi múra sílẹ̀, alẹ́ mẹ́ta gbáko ló gbà, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ka Macbeth, eré tí Shakespeare kọ, tán, mo wá fẹ́ kí wọ́n wo Throne of Blood, fíìmù tí Kurosawa, olùdarí fíìmù ará Japan, ṣe lọ́dún 1957, ìtàn kan náà ni àmọ́ ilẹ̀ Japan ló gbé e lọ, kò sì lo ìlà kankan nínú ọ̀rọ̀ Shakespeare. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èèyàn lè yọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré kúrò kí eré náà ṣì dúró.

Bí mo ṣe yan apá tá a máa wò, ìyẹn ò le. Subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù, ni wàhálà.

Èdè Japan ni wọ́n ń sọ, tí subtitle ò bá dáa kò sí kíláàsì nìyẹn. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílé, orin ni wọ́n ń kọ, ọ̀rọ̀ ń jáde, mo ní ó ti parí. A dé kíláàsì, a débi tí jagunjagun méjì yẹn ti pàdé iwin nínú igbó, iwin ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti pòórá pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀. Ọmọ kan ní "Mà, ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ó dùn mí gan-an, torí ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe gbé fíìmù náà wá.

Alẹ́ àkọ́kọ́, G àti H ni mo ń tẹ̀ lórí VLC, ètò tí mo fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, ìkọ̀ọ̀kan ń sún subtitle ní 50 milliseconds (ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá), mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bá ẹnu iwin mu, mo sáré wo ìparí, ó tún ti yẹ̀. Alẹ́ kejì, fáìlì mẹ́rin ni mo dáunlóòdù, ìkan náà ni gbogbo wọn. Alẹ́ kẹta ló tó yé mi: àwòrán 25 ni fíìmù ọwọ́ mi ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 24 ni wọ́n fi ṣe subtitle. Ó kéré lójú o, àmọ́ tó bá fi máa pé ìṣẹ́jú 10, ọ̀rọ̀ ti fi bíi ìṣẹ́jú àáyá 24 wà lẹ́yìn, nígbà tó bá máa parí ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò sí bó o ṣe lè sún un, àfi kí gbogbo ẹ̀ súnkì. Subtitle Edit, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún subtitle ṣe, ni mo fi ṣe é, níbi tí wọ́n kọ Change frame rate sí, ìṣẹ́jú kan ò pé. Ẹni tó pín fáìlì yẹn ì bá kàn kọ 24 sára orúkọ ẹ̀!

Àmọ́ nígbà tá a tún wò ó, ọmọ tó béèrè lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ pé àjẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìwé, iwin kan ṣoṣo ló wà níbí, ó jókòó ó ń ran òwú. Òmíràn ní Macduff, ọ̀tá Macbeth, ló pa á nínú ìwé, àmọ́ nínú fíìmù, àwọn ọmọ ogun tó ń darí fúnra ẹ̀ ló ta á lọ́fà pa, ta ló wá jẹ̀bi jù? Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, mi ò la ẹnu fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú mi dùn kọjá sísọ.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi wo ìparí fíìmù kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ń tanni. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún wọn pé olùtumọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ subtitle, torí ọmọ mẹ́ta ló kọ ọ́ sínú essay pé Shakespeare ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti dá ìwé wọn padà, kí wọ́n lọ tún un kọ.