Bí ẹ ṣe máa lo asẹ́ membrane fún omi ìlú, kó má dí, kó má sì jò

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìlú, ẹ má gba ojú yín gbọ́ o. Omi lè mọ́ gaara kí kòkòrò sì kún inú ẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cryptosporidium kò ju máíkírọ́ọ̀nù 4 sí 6 lọ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), klórínì ò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án, òun ló gba inú omi ẹ̀rọ Milwaukee l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1993 tó fi ìgbẹ́ gbuuru da nǹkan bí 400,000 èèyàn láàmú. Asẹ́ membrane tó dáa, ìyẹn asẹ́ tí ihò ara ẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí i, máa dá a dúró, tí asẹ́ ọ̀hún ò bá ti ya ṣá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tẹ́ ẹ nílò. Microfiltration, ihò ẹ̀ tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 0.1, ti ultrafiltration jẹ́ bíi 0.01, méjèèjì ń dá ẹrẹ̀ àti bakitéríà dúró, ultrafiltration tún ń mú ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì, àmọ́ iyọ̀ máa gba inú wọn kọjá. Tó bá jẹ́ omi tí ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀ ni, nanofiltration tí ihò ẹ̀ tún kéré sí i ni, tó bá jẹ́ omi òkun, reverse osmosis tó ń yọ iyọ̀. Ìyẹn ń jẹ iná gan-an, prẹ́ṣọ̀ bíi bar 55 sí 70 ni wọ́n fi ń ti omi òkun, nígbà tí ultrafiltration kì í sábà kọjá bar 2. Omi odò tó kàn dọ̀tí lásán, kí lẹ fẹ́ fi reverse osmosis ṣe níbẹ̀?

Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, gééjì tó wà ṣáájú asẹ́ àti èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, iye tó bá kù ló máa sọ bí asẹ́ ṣe dí tó. Ní bíi ìṣẹ́jú 20 sí 60 síra wọn ni wọ́n máa ń ti omi mímọ́ padà sẹ́yìn láti fi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn fífọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ṣáájú ó máa ga ní gbogbo ìgbà, ẹ ò ní mọ èwo lèwo. Ẹ kọ bí omi ṣe tutù tó mọ́ ọn o, omi tútù máa ń ki, prẹ́ṣọ̀ á lọ sókè láì jẹ́ pé asẹ́ dí, mélòó nínú wa ló ti fi kẹ́míkà ṣòfò torí ẹ̀.

Tí fífọ̀ lásán ò bá mú nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ mọ́, ẹ lo kẹ́míkà. Tó bá ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, sodium hypochlorite pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà. Tó bá jẹ́ ìpẹtà tàbí ẹfun, citric acid. Ẹ má jẹ́ kí hypochlorite àti citric acid pàdé láéláé, gáàsì klórínì tó máa jáde níbẹ̀ ń pààyàn, ẹ fi omi ṣan án dáadáa láàárín wọn. Asẹ́ tí wọ́n fi ike PVDF ṣe máa ń fara da klórínì, ti reverse osmosis tí wọ́n fi ike polyamide ṣe, klórínì máa bà á jẹ́ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù rèé: ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa dán asẹ́ wò bóyá ó ya. Ẹ dá omi dúró, ẹ da omi tó wà ní apá kan nù, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi bar 1 síbẹ̀, ẹ ti fáàfù, kẹ́ ẹ wo gééjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ihò tí omi ṣì wà nínú ẹ̀ ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, torí náà tí prẹ́ṣọ̀ bá ń já ju bí àwọn tó ṣe é ṣe sọ lọ, fáíbà kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọ̀pá tín-ínrín oníhò tó wà nínú asẹ́, ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wo páìpù tí ojú ń rí inú ẹ̀ tó wà lórí módù kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àgbá tí wọ́n kó fáíbà sí), èyí tí omi ti ń hó gùdù gùdù ló jò. Ẹ ṣí i, ẹ da omi díẹ̀ sórí ẹ̀, ẹ tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ojú ihò tí ìfófòó bá ti ń yọ ni kẹ́ ẹ fi pín-ìnì dí lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún un dán wò kẹ́ ẹ tó dá a padà síṣẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ ò bá lò fún ìgbà díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sínú omi tẹ́ ẹ po sodium bisulfite mọ́, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò hù, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà.