Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Ẹni Rán Bùbù Àdìrẹ fún Ìgbà Oòrùn

Nígbà tí oòrùn oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà bá mú, aṣọ tó fún mọ́ ara máa ń di ìnira, nítorí pé kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọlé kí òógùn lè gbẹ. Bùbù àdìrẹ ni mo fẹ́ràn jù fún irú àkókò bẹ́ẹ̀: a lè wọ̀ ọ́ nílé láìfi nǹkan kan dì í, a lè fi okùn fà á mọ́ ìbàdí lọ síbi iṣẹ́, a sì lè wé gèlè aṣọ kan náà lé e lọ sóde. Ẹni tó bá lè rán ojú ìlà tó tọ́ lórí máṣìn yóò parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, yáàdì 5 ni wọ́n sábà máa ń ká àdìrẹ sí. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ òwú gidi, torí pé aṣọ tó ń dán bí ọ̀rá kì í fa òógùn. Kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, nítorí pé òwú máa ń sún kì. Bùbù àkọ́kọ́ tí mo rán kan ọrùn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, agbede méjì ojúgun ló mọ.

Ẹ wọn ara yín láti èjìká lẹ́bàá ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ fi íǹṣì 2 kún un fún ìṣẹ́tí. Bí ó bá jẹ́ 56, yóò di 58. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 116, èyí tó fi díẹ̀ ju yáàdì 3 lọ. Ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn, ojú aṣọ síta, kí ibi tó ti ṣẹ́ po di èjìká, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣẹ́ ẹ po ní ìbú. Íǹṣì 45 tí aṣọ fi fẹ̀ ni yóò di apá, nítorí náà a kò ní í gé apá lọ́tọ̀.

Ọrùn ló gba sùúrù jù. Ní igun tí ìṣẹ́po méjèèjì ti pàdé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí íǹṣì 3½ lójú èjìká, ẹ gé ẹ̀yìn jìn ní íǹṣì 1, kí ẹ sì ya ti iwájú sọ́tọ̀ láti gé e jìn ní íǹṣì 7. Ẹ gé e kéré ná, kí ẹ fi orí wọ̀ ọ́ wò, torí pé ọrùn tó kéré ṣeé fẹ̀, èyí tó tóbi jù kò ṣeé dá padà. Ẹ wá gé aṣọ mìíràn tó bá ihò ọrùn náà mu, tó fẹ̀ ní íǹṣì 2½, ẹ dojú àwọn méjèèjì kọra, ẹ rán wọn yípo, ẹ fi ẹnu àlùmọ́gàjí ya etí ibi tó tẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láìkan ojú rírán, kí ẹ sì yí i sínú. Bí ẹ kò bá ya á, ọrùn yóò máa kákò.

Ẹ pín ìwọ̀n àyà yín sí mẹ́rin, kí ẹ fi 3 kún un: àyà 40 yóò fún yín ní 13. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá tóbi ju àyà lọ ni kí ó lo ìwọ̀n ìdí. Ẹ wọn 13 yìí láti àárín aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà láti íǹṣì 11 sísàlẹ̀ èjìká títí di ibi tó ku íǹṣì 16 kí ó kan ilẹ̀, kí ẹ rán an lórí ìlà náà. Ẹ rán ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ló máa ń ya. Aṣọ tó wà lẹ́yìn ìlà ni yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀.

Íǹṣì 64 ni yóò kù. Ẹ gé ọ̀já méjì tó fẹ̀ ní íǹṣì 3 nínú rẹ̀, ẹ rán wọn pọ̀ di okùn kan, kí ẹ lu ihò bọ́tìnnì méjì sí iwájú ní ìbàdí, ní íǹṣì 10 síra wọn. Okùn náà yóò gba inú yí ẹ̀yìn ara yín ká, yóò yọ síta níwájú, ẹ ó sì so ó: iwájú yóò mọ́ ara, ẹ̀yìn yóò máa fẹ́. Ìyókù aṣọ náà ni gèlè yín.