Bí a ṣe fọ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí wa kí ààwẹ̀ tó wọlé

Ní mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan kápẹ́ẹ̀tì, iwájú orí àti imú ń kàn án pẹ̀lú. Ẹni tó bá forí kanlẹ̀ ní ìrun àsùbáà, ohun tó bá wà nínú kápẹ́ẹ̀tì ni yóò fà símú: eruku, òórùn ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú, òórùn ọṣẹ tí wọn kò ṣàn dànù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Bàbá Ìmáàmù ní kí àwa ọ̀dọ́ fọ kápẹ́ẹ̀tì kí ààwẹ̀ tó wọlé, mo ní ká má ṣe é bí ẹni ń fọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Bí a ṣe ṣe é nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní pálọ̀ lè rí i mú lò.

Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀ n'Íbàdàn nígbà náà, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fa omi lára nǹkan kíákíá. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá tutù fún ọjọ́ méjì láìgbẹ, abẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, òórùn ibẹ̀ kì í sì í tètè lọ mọ́. Ká ní ìgbà òjò ni, ibi tó dọ̀tí nìkan ni ǹ bá ní kí a nù. Ìrun wákàtí márùn-ún kò sì lè dúró dè wá, nítorí náà a kọ́kọ́ ká ti iwájú, àwọn èèyàn ń kírun lẹ́yìn. Ìgbà tí ti iwájú gbẹ tán la tó ká ti ẹ̀yìn.

Kí omi tó kàn án, mo fa okùn tín-ín-rín kan yọ létí kápẹ́ẹ̀tì, mo mú un lọ síta, mo ṣáná sí i. Ó yọ́, ó sì dì di kóró líle. Rọ́bà ni wọ́n fi hun ún nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polypropylene. Kì í mu omi, ìyẹn ló fi ń tètè gbẹ, àmọ́ òun àti epo rẹ́ gan-an: epo ọbẹ̀, ìpara, òróró ara èèyàn. Ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti iwájú orí ń kàn ni kápẹ́ẹ̀tì wa ti dúdú jù. Rọ́ọ̀gì kékeré tí Bàbá Ìmáàmù ń dúró lé kò rí bẹ́ẹ̀. Alájì kan ló mú un bọ̀ láti Mẹ́kà. Okùn tirẹ̀ rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ sì fọ́ lọ́wọ́ mi: irun àgùntàn ni. Mo fi aṣọ funfun tútù tẹ̀ ẹ́, pupa rẹ̀ ràn mọ́ aṣọ. A yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, bílíìṣì á ba irun àgùntàn jẹ́, omi gbígbóná á sì sún un kì. Eruku la gbọ̀n lára rẹ̀, a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù tí a sì fún dáadáa nù ún, a sá a síbòòji.

Iṣẹ́ gbígbẹ, ìyẹn yíyọ eruku kí omi tó kàn án, ló gba àkókò jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. A gbé kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ògiri ọgbà, a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta, a bo imú wa, a wá fi igi dídán lù ú láti ẹ̀yìn. Eruku pupa tó tú jáde kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá ibẹ̀. Ìgbálẹ̀ ń kó ti òkè ni, ó sì ń ti yanrìn wọ ìdí irun kápẹ́ẹ̀tì. Yanrìn yẹn mú; bí èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń gé irun náà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà fi ń kọ́kọ́ gbó. Bí omi bá sì bá a níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa dà.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbé ẹ̀rọ jáde. Ọwọ́ ẹnìkan tó ń fọ ṣọ́ọ̀fà àti inú mọ́tò la ti háyà rẹ̀, irú èyí tó ń fa eruku tó tún ń fa omi. 1400 wáàtì ló ń jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wọ́pọ̀ nílé wa kò tó 1000 wáàtì, kò lè gbé e, nítorí náà a yá ti 3.5 kVA, a sì gbé ojú wáyà tí a fi fa iná sórí àga kí omi má bàa kàn án. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ fa eruku, kó má kánjú: kó fà á lọ, kó fà á bọ̀, kó tún gbà á ní ìbú.

Ìtọ̀ ọmọdé ló jẹ mí lógún jù nínú àwọn àbàwọ́n. Nígbà ayé Ànábì, ará oko kan tọ̀ sí mọ́ṣáláṣí, Ànábì ní kí wọ́n da garawa omi kan lé e. Ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ilẹ̀ sì mu ún. Kápẹ́ẹ̀tì kò ní ibi tí yóò gbé e lọ. Bí a bá da omi lé e tí a kò fà á jáde, ìtọ̀ náà á kàn tàn kálẹ̀ ni. Omi la ń dà, ẹ̀rọ ń fà á, a tún ń dà á, títí tí kò fi sí òórùn mọ́. Ẹ má da bílíìṣì sórí ìtọ̀ rárá. Èéfín olóró ló ń tibẹ̀ jáde. Epo ọbẹ̀ ní tirẹ̀, ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ká a. Aṣọ funfun ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín, ẹ má fi ra á. Ṣingọ́ọ̀mù, yìnyín la gbé lé e títí ó fi le, a fi etí ṣíbí hó o.

Ọṣẹ tí a fi fọ gbogbo rẹ̀ kò pọ̀. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù sínú kápẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀, eruku tuntun á sì dì mọ́ ọn, ìyẹn ni òmíràn ṣe ń tètè dọ̀tí lẹ́yìn fífọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oko la fi fọ́n ọn. Tuntun ni, kò gbé oògùn apakòkò rí, èmi kò sì ní gba èyí tó ti gbé e. A fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò le gbo ó, a fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, a fi ẹ̀rọ fa omi náà. A tún fi omi tí a da fínígà funfun díẹ̀ sí ṣàn án, a ń fà á títí omi inú ẹ̀rọ fi mọ́. Òórùn fínígà kì í pẹ́ lọ bó bá ti gbẹ.

A kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí oòrùn kí àwọ̀ ojú rẹ̀ má bàa ṣá, a sì nu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ kí a tó tẹ́ ẹ padà, fáànù ń fẹ́ títí. Ibì kan tún yọ àbàwọ́n nígbà tó gbẹ, torí ohun tó wà nísàlẹ̀ bá omi gòkè. A tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun gbígbẹ lé e, a gbé ohun wúwo kà á di ọjọ́ kejì, táwẹ́ẹ̀lì sì fà á.

Láti ìgbà náà, ẹní líle wà níwájú ibi àlùwàlá, táwẹ́ẹ̀lì nípọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ tútù má bàa wọlé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ là ń fa eruku, kí Jímọ̀ tó dé. Àwọn ìyá wa ti sọ pé ẹ̀ka tiwọn ló kàn. Kápẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ṣeé ká lọ síta, nítorí náà omi tí a máa lò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gan-an, fáànù sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.