Omi Ló Ni Balùwẹ̀: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Tún Balùwẹ̀ Yín Ṣe Kó sì Pẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àwọ̀ táìsì, dígí ńlá tó rí lórí fóònù, ṣáwà tó ń dán gbinrin. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, èmi náà fẹ́ràn ibi tó rẹwà. Ṣùgbọ́n omi ló ni balùwẹ̀. Ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, àti bí ibẹ̀ ṣe ń gbẹ lẹ́yìn tá a bá wẹ̀ tán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló máa sọ bóyá iṣẹ́ yẹn á pẹ́ àbí á bàjẹ́ kíá.

Mo mọ̀ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà àkọ́kọ́ tá a tún balùwẹ̀ tiwa ṣe, gbogbo ẹni tó wọbẹ̀ ló ń yìn ín, táìsì ń dán, igun ẹ̀ gún régé. Kò pé ọdún kan, ògiri yàrá tó wà lẹ́yìn ṣáwà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọ̀dà ara ẹ̀ ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, ìka mi sì rì wọ inú sìmẹ́ǹtì bí ẹni ń tẹ yanrìn etí odò. A fọ́ táìsì méjì wò, ẹ̀yìn wọn ti dúdú, omi ń sun níbẹ̀, kò sí nǹkan kan tó dènà omi, sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bá a ṣe fọ́ gbogbo ẹ̀ dànù nìyẹn, a wá san owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ kó ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé òòlù

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà nílẹ̀ wò dáadáa. Ẹ pọn garawa omi kan, ẹ rọra dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà jù sí ihò tí omi ń gbà jáde, kẹ́ ẹ wá dúró máa wò ó. Tó bá ń lọ tààrà síbi ihò, ilẹ̀ yín ò ní wàhálà, àmọ́ tó bá ń wọ́ lọ sẹ́yìn WC tàbí tó ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ gangan wà nìyẹn, táìsì tuntun lórí ilẹ̀ yẹn ò sì lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó onírin kan máa kan àwọn táìsì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó lẹ̀ dáadáa, ohùn ẹ̀ á ki, èyí tó ti ṣí lábẹ́ á dún bí àgbá òfìfo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo èyí tó bá dún bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì mẹ́ta péré, ẹ lè yọ ìyẹn kẹ́ ẹ tún un lẹ̀, tó bá ti tó ìdajì ẹ má fowó ṣòfò lórí àtúnṣe wẹ́wẹ́, ẹ fọ́ gbogbo ẹ̀.

WC náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ju WC tó dáa nù torí pé omi ń jò nínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ bu aró díẹ̀ tàbí nǹkan tó ní àwọ̀ sínú tánkì ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Tí àwọ̀ yẹn bá yọ nísàlẹ̀ níbi tá a ń jókòó sí, rọ́bà abẹ́ tánkì ló ti jẹ, rọ́bà yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé tuntun lẹ fẹ́ rà lóòótọ́, ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì méjì, kékeré máa ń lo nǹkan bíi lítà 3, ńlá á lo bíi 6, àwọn àtijọ́ mìíràn sì ń gbé lítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wọn ìwọ̀n láti ara ògiri dé àárín ihò ilẹ̀, ẹ sì yọ bí táìsì tó máa gun ògiri ṣe nípọn tó kúrò nínú ẹ̀. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ló sábà máa ń jẹ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé, ẹni tí ò wọ̀n ọ́n á gbé WC délé tán kó tó mọ̀ pé kò bá ihò mu.

Páìpù

Páìpù tó ń gbé omi ìwẹ̀ jáde, mìlímítà 50 ló tọ́ sí i, ìyẹn íǹṣì 2. WC ń fẹ́ 100 tàbí 110, ìyẹn íǹṣì 4. Bẹ́sìnì lè lo 32 tàbí 40. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ṣì máa gbé e, ó máa gbé e lóòótọ́, títí irun àti ọṣẹ á fi dí i.

Kọ́nà tó tẹ̀ lábẹ́ bẹ́sìnì àti lábẹ́ ihò ilẹ̀ yẹn, kì í ṣe àṣà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀, ó yẹ kó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, omi yẹn gan-an ló ń dí òórùn tánkì ìdọ̀tí mọ́ ìsàlẹ̀ kó má gòkè wá. Ìdí nìyẹn tí balùwẹ̀ àlejò tẹ́nì kan ò lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi máa ń rùn, omi ibẹ̀ ti gbẹ. Ẹ da omi sí i, òórùn á lọ.

Kí wọ́n tó bo páìpù mọ́ ògiri, ẹ ṣí omi sí i kó sùn mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi bébà tó gbẹ nu gbogbo ojú ìsopọ̀, bébà á sọ èyí tó ń jò fún yín bó ti wù kó kéré tó. Ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn pẹ̀lú tépù tí wọ́n nà sí i kí ìwọ̀n lè hàn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lu ìṣó láti fi gbé dígí kọ́, ẹ̀ẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà kọjá.

Ilẹ̀, àti ohun tó wà lábẹ́ táìsì

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibí ni èmi ti ṣubú.

Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá dà sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn náà ló máa ṣàn lọ. Nínú mítà kan, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 rẹlẹ̀ lọ síbi ihò. Tí ògiri tó jìnnà jù bá jìnnà sí ihò ní mítà 1.5, a jẹ́ pé ilẹ̀ ìdí ògiri yẹn á fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 3 ga ju ẹnu ihò lọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi lẹ́fẹ́lì hàn yín, kí ẹ̀yin náà sì tún da garawa omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ balùwẹ̀ lápapọ̀ sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti yàrá lọ, kí omi má lè ṣàn jáde lọ bá kápẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ohun tó ń dènà omi, èyí tí wọ́n ń pè ní waterproof. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táìsì ló ń dá omi dúró. Rárá o. Táìsì fúnra ẹ̀ lè má fa omi, ṣùgbọ́n àárín táìsì kan sí èkejì ń fà á, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Oríṣi kan wà tó dà bí ọ̀dà tó ki, wọ́n á gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á fi aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un sí gbogbo igun níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti yíká ẹnu páìpù, wọ́n á wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Tí ìkùn àkọ́kọ́ bá lọ sókè sódò, èkejì á lọ sọ́tùn-ún sósì, kí ibi tí àkọ́kọ́ fò má baà ṣí sílẹ̀. Kó gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15 yíká gbogbo balùwẹ̀, níbi tí ṣáwà ń dà sí ńkọ́, kó gùn ún dé sẹ̀ǹtímítà 180 ó kéré tán, mo bẹ̀ yín. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike ẹ̀.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ dí ẹnu ihò pa, ẹ da omi sílẹ̀ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ínrín síbi tí omi dé lára ògiri, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ìlà yẹn, ẹ wo ẹ̀yìn ògiri, tó bá jẹ́ ilé òkè ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Oníṣẹ́ lè ní òun ń kánjú, pé òun ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ àti pé kò sírú ẹ̀. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má gbà fún un. Ọjọ́ kan péré ni.

Táìsì gan-an

Ti ilẹ̀, ẹ má ra èyí tó ń dán. Tómi bá kàn án pẹ̀lú ọṣẹ, ó ń gbé àgbàlagbà lulẹ̀. Ẹ wá èyí tójú ẹ̀ rí háráhárá díẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ R10 tàbí R11 sára páálí ẹ̀, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga ló ṣe ń di ẹsẹ̀ mú sí. Níbi tá a ti ń wẹ̀, táìsì kékeré ló dáa jù, ó rọrùn láti dà á síbi ihò, ojú ìlà tó pọ̀ láàárín ẹ̀ sì ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ dúró. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún iye tẹ́ ẹ wọ̀n torí gígé àti fífọ́, kí nọ́ńbà ara páálí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ wọn lè má bára mu.

Tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi trowel eléyín na gọ́ọ̀mù náà kárí. Àwọn kan máa ń bù ú gbàgù gbàgù síbi márùn-ún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àárín gbàgù yẹn lomi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá gọ́ọ̀mù kárí ẹ̀. Kí wọ́n dúró tó ọjọ́ kan kí wọ́n tó fi grout dí àárín. Níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, kì í ṣe grout ló yẹ níbẹ̀, silicone ni, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń nà bíi rọ́bà, torí ògiri ń mì lọ́tọ̀, ilẹ̀ ń mì lọ́tọ̀, grout tó le bẹ́ẹ̀ á là, silicone á nà pẹ̀lú wọn.

Afẹ́fẹ́ àti iná

Àmì dúdú dúdú tó ń yọ lára àjà, ọ̀rinrin ló bí i, ọ̀dà ò lè bò ó pẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó kùn ún. Tí fèrèsé ò bá sí tàbí tó kéré jù, ẹ fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kó sì tú u síta gbangba, kì í ṣe sórí àjà níbi tá á ti máa mú igi rà. Kó máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán. Abẹ́ ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ ní àlàfo díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí ò ríbi wọlé ò ní ríbi jáde. Ti àjà, PVC, ìyẹn oníke, ń fara da ọ̀rinrin ju POP lọ.

Iná, ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná gbọ́dọ̀ ní earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kó sì ní bíréékà tó máa já fúnra ẹ̀ tí iná bá jò tó mílíáḿpù 30. Gílóòbù tó máa wà nítòsí omi, kí wọ́n kọ IP44 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára ẹ̀, àmì pé omi tó bá ta sí i ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ó wá kan ẹwà

Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ń jẹ́ kí balùwẹ̀ kékeré fẹ̀ lójú. Ẹ gbé dígí kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á di méjì. Iná tó wà lókè dígí nìkan máa ń ṣíji bo ojú èèyàn, tẹ́ ẹ bá lè fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, ojú yín á mọ́ kedere tẹ́ ẹ bá ń fárùngbọ̀n tàbí tẹ́ ẹ ń kunra. Táìsì ògiri kó jẹ́ àwọ̀ tí ò ní sú yín, ẹ jẹ́ kí táwẹ́ẹ̀lì, kọ́tìnì àti òdòdó máa ṣe ìyípadà, ìyẹn rọrùn láti pààrọ̀. Grout ilẹ̀ tó ṣe bí eérú ò tètè fi ìdọ̀tí hàn bíi funfun. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ àpótí kékeré sínú ògiri fún ọṣẹ, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà síwájú díẹ̀, kómi má dúró síbẹ̀.

Tówó ò bá tí ì tó, ẹ ha grout àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, ẹ pààrọ̀ silicone tó ti dúdú àti ẹnu ẹ̀rọ, ẹ gbé dígí tuntun kọ́. Ẹ ó rí i pé ojú ibẹ̀ á yàtọ̀. Tí àgbàlagbà bá wà nílé, ẹ fi irin ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ WC àti ṣáwà, kó wọlé ṣinṣin sínú búlọ́ọ̀kù, tó bá sì ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, torí tẹ́nì kan bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹ ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má fi ásíìdì fọ táìsì, ó ń jẹ grout. Ẹ ò sì gbọdọ̀ da ásíìdì àti bleach pọ̀ láéláé, gáàsì klórínì ló máa ń jáde, ó lè pa èèyàn nínú yàrá kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú táìsì tó ṣẹ́kù, bíi márùn-ún mẹ́fà, ẹ kọ orúkọ àwọ̀ grout sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, kẹ́ ẹ sì kó wọn síbi tó gbẹ.