Ẹ má tètè mú pàṣán

Ọ̀kún o, ẹ̀yin òbí. Àbúrò mi obìnrin kan ní Kábà rí sáṣẹ́ẹ̀tì tramọ́dọ̀, oògùn ìrora tó le, nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15. Hóró mẹ́ta ti kúrò nínú rẹ̀. Pàṣán ló kọ́kọ́ sáré mú. Ọmọ náà ò sunkún, kò sì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì la tó gbọ́ pé àwọn síníọ̀ kan ti fá ìlàjì orí rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ya fídíò rẹ̀, wọ́n sì jù ú sórí WhatsApp. Oorun dá lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní kó lo ọ̀kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni pàṣán bò mọ́lẹ̀.

Ẹ má sọ fún ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ pé, “Ṣé ìwọ kì í ṣe ọkùnrin ni?” Ẹnu rẹ̀ ò ní là mọ́. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má so ọmọ mọ́lẹ̀ nílé àdúrà.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ oògùn àlòyó ti parí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ oníkodíìnì, táwọn ọ̀dọ́ ń mu yó, àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Kò parí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni epo pupa. Bí ọmọ bá ti lo oògùn jù, tó ń tòògbé tí kò dáhùn mọ́, àwọn kan á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á da epo tàbí mílíìkì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Inú ẹ̀dọ̀fóró lepo yẹn ń gbà lọ. Tramọ́dọ̀ tó pọ̀ lè fa gìrì, bí ó bá sì pàdé ọtí tàbí kodíìnì, ó lè dá èémí dúró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ máa wo bó ṣe ń mí, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì náà dání, kí dókítà rí ohun tó lò.

Ẹ má bẹ̀rù láti pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí 0800 1020 3040. Ọ̀fẹ́ ni, ìmọ̀ràn ni wọ́n sì ń fúnni níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?” Aago kan òru kọjá kí wọ́n tó sùn.