Bí a ṣe ń mú kí ìran fẹ̀ sí i nínú géèmù ìbọn orí fóònù

Nínú géèmù ìbọn tí à ń gbá lórí fóònù, ẹni tí ó bá tètè rí ọ̀tá ló sábà máa ń tètè yìnbọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ọ̀nà tí ohun tí ojú ń rí ní apá ọ̀tún àti apá òsì yóò fi pọ̀ sí i, èyí tí àwọn tí ń gbá géèmù mọ̀ sí FOV, tí èmi yóò máa pè ní ìbú ìran nínú àlàyé yìí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ju kí a fa ọ̀pá kékeré kan lọ sí ọ̀tún. Síbẹ̀, mo ti rí àìmọye ènìyàn tí wọ́n fà á dé òpin, tí wọ́n wọ inú ìdíje lẹ́sẹ̀ kan náà, tí ọta ìbọn wọn sì ń ba ògiri, nítorí pé wọn kò mọ ohun tí ó kù láti ṣe lẹ́yìn fífà náà. Géèmù méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: PUBG Mobile, tí ó jáde kárí ayé ní ọdún 2018, àti Call of Duty: Mobile, tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2019.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbú ìran rárá, ẹ kọ́kọ́ gba ààyè lórí síkírínì. Àtàǹpàkò méjèèjì ń bo apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí géèmù ń fi hàn yín, àwọn bọ́tìnnì tí a kò lò sì ń bo òmíràn. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń to bọ́tìnnì, ẹ sún èyí tí ẹ fi ń rìn àti èyí tí ẹ fi ń yìnbọn lọ sí ìsàlẹ̀ igun méjèèjì, ẹ dín títóbi wọn kù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ wọn fúyẹ́ débi tí ẹ ó fi lè máa rí ọ̀tá gba inú wọn. Àwọn tí wọ́n ń fi ìka mẹ́rin gbá géèmù, tí wọ́n gbé bọ́tìnnì ìbọn lọ sí òkè fún ìka ìfábẹ̀lá, ń jèrè nínú èyí ju àwọn tí ń fi àtàǹpàkò nìkan gbá a lọ. Ẹni tí kò bá ṣe èyí tẹ́lẹ̀, apá ibi tí ó ń mú fẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ara rẹ̀ yóò máa bò mọ́lẹ̀. Bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tí ihò kámẹ́rà gé etí síkírínì rẹ̀, ẹ wo inú ètò fóònù náà pẹ̀lú bóyá ó gba géèmù láàyè láti lo gbogbo síkírínì pátá, nítorí pé àwọn fóònù kan máa ń fi ọ̀já dúdú kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí ìdí.

Ó wá kan ọ̀pá náà. Inú Settings ló wà nínú géèmù méjèèjì, bí ojú ibi tí wọ́n fi sí tilẹ̀ máa ń yí padà nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún géèmù ṣe. Nínú PUBG Mobile, èyí tí ó jẹ́ ti FPP, níbi tí a ti ń fi ojú ọmọ ogun fúnra rẹ̀ wo ayé, bẹ̀rẹ̀ láti 80 ó sì dópin ní 103. Èyí tí ó jẹ́ ti TPP, níbi tí kámẹ́rà ti dúró sẹ́yìn ọmọ ogun, kò kọjá 90. Call of Duty: Mobile ya ọ̀pá Multiplayer, ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ní pápá kékeré, sọ́tọ̀ kúrò lára ti Battle Royale, ìjà àjàkù ní pápá ńlá, nítorí náà ẹni tí ó bá fa ọ̀kan tí ó sì lọ gbá èkejì yóò rò pé géèmù kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Ní ti TPP, ẹ gbé e dé 90 kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé kámẹ́rà tí ó wà lẹ́yìn èjìká ti ń rí igun ilé tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì tó ohun tí à ń rò lé lórí. FPP ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ fún.

Ìdí tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀ ni pé síkírínì kò gùn sí i. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni géèmù ń fún mọ́ inú ààyè kan náà, gbogbo ohun tí ó wà ní àárín yóò sì kéré. Bí ẹ bá gbé FPP kúrò ní 80 lọ sí 90, ọ̀tá tí ó dúró níwájú yín gan-an yóò kéré dé nǹkan bí ìdá 84 nínú 100 ìwọ̀n tí ẹ ń rí i tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé 103, yóò kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ọ̀tá tí ó wà ní mítà 100 yóò rí lójú yín bí ẹni tí ó wà ní mítà 150, orí rẹ̀ tí ẹ fẹ́ yìnbọn sí yóò sì kéré lọ́nà kan náà.

Àwọn tí wọ́n ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wò ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n bá fa ọ̀pá náà dé 103. Ṣùgbọ́n síkírínì kọ̀ǹpútà oní-ínǹṣì 24, tí ènìyàn jókòó sí ní sẹ̀ǹtímítà 60, ń gba nǹkan bí dígírì 48 nínú ìran ojú ẹni náà, nígbà tí fóònù tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí a dì mú ní sẹ̀ǹtímítà 30 síwájú ojú, kò gbà ju nǹkan bí 28 lọ. Ohun tí ó hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà lè di ẹyọ èérí lórí fóònù. Nítorí náà, 90 ni kí ẹni tí ń lo fóònù kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bí ó bá ṣì ń rí ọ̀tá tí ó wà lókèèrè dáadáa, kí ó gbé e dé 95, kí ó sì dúró síbẹ̀. 103 jẹ́ ti ẹni tí ó ní tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ ka ìpínrọ̀ yìí àti méjì tí ó tẹ̀ lé e láìkánjú. Nígbà tí ìbú ìran bá fẹ̀, ohun tí ó wà ní àárín síkírínì yóò dà bí ẹni pé ó ń lọ́ra láti yí, bí ẹ tilẹ̀ fa ìka yín bí ẹ ti ń fà á tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ sí Sensitivity, ìyẹn ibi tí a ti ń yan bí kámẹ́rà yóò ṣe yára yí tó bí a bá fa ìka, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Nígbà tí ọ̀tá bá wá yọ láti ẹ̀yìn, wọ́n á yí kọjá rẹ̀, wọ́n á fà á padà, wọ́n á tún kọjá rẹ̀ sí òdìkejì, kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti kú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ló yí, ọwọ́ kò yí. Bí ìka ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí ọmọ ogun tó lè yíjú sẹ́yìn wà bí ó ti wà, ìyẹn ni ọwọ́ yín sì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ wọ Training Ground, ibi ìdánrawò inú géèmù, ẹ dúró síwájú ògiri kan tí ó ní àmì tí ẹ lè dá mọ̀, fèrèsé tàbí igun, kí ẹ sì fi àmì àfojúsùn sí orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ gbé àtàǹpàkò ọ̀tún sí àárín síkírínì, ẹ fà á dé etí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo ibi tí àmì àfojúsùn dúró sí lára ògiri tàbí lára ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ gbé ìbú ìran sókè nínú Settings, ẹ padà dúró sí ojú kan náà, ẹ fà á bákan náà. Ibi kan náà ni yóò dúró sí. Ẹni tí ó bá ti rí èyí fúnra rẹ̀ kì í tún fọwọ́ kan Sensitivity lọ́jọ́ náà. Kí àyẹ̀wò yìí tó lè jẹ́ òótọ́ nínú Call of Duty: Mobile, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìyíra kámẹ́rà sí Fixed Speed, nítorí pé èyí tí ń yára sí i bí ìka bá ṣe yára tó kò lè fún yín ní ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò rí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kí ó lo èyí tí kì í ṣe Fixed Speed.

Bí ó bá di dandan láti yí nǹkan kan padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nínú Sensitivity PUBG Mobile, èyí tí ó jẹ́ ti 1st Person No Scope, ìyẹn FPP láìlo skóòpù, nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì fi márùn-ún márùn-ún gbé e. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ti skóòpù, awò orí ìbọn tí ń mú ohun tí ó jìnnà tóbi, rárá, ìbáà ṣe 2x, 4x tàbí 6x. Nígbà tí ẹ bá fojú sí skóòpù, ohun tí skóòpù náà ń fi hàn kò fẹ̀ sí i nítorí ọ̀pá tí ẹ fà. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó máa rí, ẹni tí ó bá sì yí i padà ti ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Òfin kan náà ló de àwọn tí ń lo gyroscope, ẹ̀rọ inú fóònù tí ń mọ bí a ṣe yí i, láti fojú sun ọ̀tá. Ohun tí ó tún yẹ kí ẹ tún kọ́ ni ìwọ̀n jíjìnnà. Ẹnu ọ̀nà tí ó wà nítòsí yóò dà bí ẹni pé ó jìnnà, ẹ ó máa ju bọ́ǹbù ọwọ́ kọjá yàrá tí ẹ fẹ́ jù ú sí, ẹ ó sì máa rò pé ọ̀tá tí ó ń bọ̀ láti etí síkírínì ń sáré ju bí ó ti ń sáré lọ, nítorí pé etí síkírínì máa ń na ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìdajì wákàtí ní Training Ground lójúmọ́, pẹ̀lú bọ́ǹbù ọwọ́ tí a ń jù gba ojú fèrèsé kan náà, ni yóò tún ojú ṣe. Ẹ má ṣe wọ Ranked, ìdíje tí a fi ń gba ipò, ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Fífẹ̀ ìran tún ń fi ẹrù kún ti fóònù, nítorí pé ilé, igi àti ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i. Lórí fóònù tí kò lágbára púpọ̀, ẹ fi Graphics sí Smooth, kí ẹ sì gbé Frame Rate dé ibi tí fóònù gbà á dé. Nínú PUBG Mobile, Extreme dúró fún àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Ultra dúró fún 40, High sì dúró fún 30. Bí fóònù kò bá lè di 60 mú láìgbóná, ẹ dín ìbú ìran kù kí ẹ tó dín Frame Rate kù. Ẹ bọ́ pósì kúrò lára fóònù, ẹ má gbá géèmù nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀, kí ẹ sì jókòó síwájú fáànù. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ kékeré tí ń mú fóònù tutù, ṣùgbọ́n fáànù tó. Bákan náà ni ìbọ̀ka tí wọ́n ń tà fún gbígbá géèmù dára, àmọ́ pọ́dà díẹ̀ lórí àtàǹpàkò tí a ti nù gbẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ń fi iPad gbá géèmù ń rí ju ẹni tí ń lo fóònù lọ, ohun tí wọ́n ń pè ní ìran iPad, wọn kò sì parọ́. Síkírínì iPad àtijọ́ jẹ́ 4:3, ti ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì jẹ́ 20:9, èyí tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú PUBG Mobile, ẹni tí ń lo iPad ń rí òkè àti ìsàlẹ̀ púpọ̀ ju ẹni tí ń lo fóònù lọ, ó sì ń rí ọ̀tá tí ó wà lórí òrùlé láìgbé ojú sókè. Bí ẹ bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì nítorí èyí, ẹ mọ̀ pé 16:10 ni ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì Android, kò tó ti iPad, ó sì sàn ju ti fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè gbé 60 Frame Rate, torí pé tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí ń dúró gbọ̀ngbọ̀n láàárín ìjà burú ju fóònù tí ìran rẹ̀ há lọ.

Nítorí ìran iPad yìí ni àwọn ènìyàn fi ń gba áàpù àti fáìlì tí àwọn kan ti yí padà sórí fóònù wọn. Ẹ má ṣe dé ibẹ̀. Òfin àwọn géèmù wọ̀nyí kò gba kí a yí fáìlì wọn padà. Ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ojoro nínú wọn kì í sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ìran nìkan ni ó fẹ́ mú fẹ̀, ó lè ti àkáǹtì tí ẹ ti ń kọ́ bọ̀ láti ọdún pípẹ́ pa. Ẹni tí ó ṣe fáìlì náà sì lè ti fi ohun tí ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ àṣẹ wm size, èyí tí ń yí ìwọ̀n síkírínì padà, sí i kí síkírínì lè di 4:3. Ohun tí wọ́n ń rí gbà ni ọ̀já dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ọ̀tá tí ó tún kéré sí i, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe é tí ojú fóònù rẹ̀ sì ti dàrú, kí ó kọ wm size reset, gbogbo rẹ̀ yóò padà sípò.

Ní ìparí iṣẹ́, ẹ ya àwòrán síkírínì gbogbo ojú ewé Settings tí ẹ fọwọ́ kàn: ìbú ìran, Sensitivity àti bí ẹ ṣe to bọ́tìnnì. PUBG Mobile ń jẹ́ kí a fi Sensitivity àti ìtò bọ́tìnnì pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lò ó, síbẹ̀ kí ẹ ya àwòrán náà. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún géèmù ṣe tàbí tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò tí ẹ tún gbà á padà, àwọn nọ́ńbà kan máa ń padà sí bí wọ́n ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò lè gbá géèmù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí 80 láìmọ̀. Torí náà, lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ojú ewé ìbú ìran ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí kí ẹ tó tẹ Start.